Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ríran

Òwe yìí ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀ ọlọ́fọ̀ lẹ́nu mọ́ lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì. Kí opó tó ké lẹ́ẹ̀kejì, àgbà kan á ti sọ ọ́ lù ú: "Ìyàwó, bí a bá ń sunkún, à máa ríran o." Kó dákẹ́ ni wọ́n ń wí. Èmi ò gbà pé ohun tí òwe náà sọ nìyẹn. Ẹ tún un gbọ́: ẹkún ń lọ lọ́wọ́, ojú náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì pọ̀ ni mo ń pè ní akọni.

A ní akọni tí gbogbo ayé mọ̀. Ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun tó kọ́kọ́ jẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1966, àwọn ṣójà wá mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, tó jẹ́ àlejò rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ọgbà ìrántí rẹ̀ wà ní Adó dòní. Ọjọ́ a bá kú làá dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Fájuyì. Ṣùgbọ́n òru kan ni wọ́n fi dán an wò. Ìdánwò ẹni tó ṣẹ́kù sílé kì í tán lóru kan.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú sójú ọ̀nà, ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ kún bí ọjà. Ọkùnrin kan jókòó, ó ń fi fọ́tò mọ́tò tó rún náà han gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń gbé òdìkejì títì dé, ojú rẹ̀ ti wú. Ọmọ tirẹ̀ náà ti kú, ikú ọ̀hún kò tíì pé ọdún méjì nígbà yẹn. Kò ní ká mọ́kàn le. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Ó wọ yàrá, ó bá àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò tíì fẹnu kan nǹkan látàárọ̀, ó fún un lẹ́kọ mu, ó pọ̀n ọ́n. Ó bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé níbo ló fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń lò ó, kò sí ẹni tó rántí. Bó ti ń ṣe gbogbo èyí, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún.

Nígbà tó dalẹ́, ó ní kí wọ́n wá ìwé ọmọ iléèwé kan fún òun. Ẹni tó bá ti fi owó sọ́wọ́ opó, ó ń kọ ọ́: ta ni, èló ni. Ó rí mi lára. Lójú mi, ó dà bí ẹni tó ń ṣírò ọjà nídìí òkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí kan pè wá jókòó (ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n, ó dùn mí láti sọ), wọ́n ní opó ti gbé owó òkú mì. Ìwé yẹn la gbé síwájú wọn. Mo kà á títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn: 200 náírà tí ọmọ aláàpọn kan mú wá wà níbẹ̀. Orúkọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tú kánópì, wọ́n ti kó àga onírọ́bà lọ, òun ṣì ń gbé iṣu wá nírọ̀lẹ́, ó ń gún iyán kalẹ̀, á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa ṣa ẹ̀fọ́.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré-Èkìtì. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà. Gbogbo ìpínlẹ̀ hó. Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ náà bọ́, ariwo rọlẹ̀. Ìgbà tí ariwo bá rọlẹ̀ gan-an ni mo ń sọ. Ọmọ tó bá ń ta gìrì lójú oorun, ta ní ń jí sí i?

Nítorí náà, ìwọ tó ń lọ sílé ọ̀fọ̀, má wá ọ̀rọ̀ ńlá lọ. Wo ìkòkò omi bóyá ó ti gbẹ. Wo ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ látàná. Bi wọ́n bóyá ọmọ kan ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹkún bá sì gbọ̀n ọ́, sun ún níbẹ̀, kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ọjọ́ kan wà tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ò wá. Ilẹ̀ ṣú, a ò rí i. Wọ́n ní látàárọ̀ ló ti tilẹ̀kùn mọ́rí, pé ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ pé ọdún méjì tó kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó gún iyán, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó bo abọ́ náà, ó sọdá títì, ó kanlẹ̀kùn.