Kì í ṣe 300 ènìyàn nìkan ló dúró ní Thermopylae, ogun Xerxes kò sì tó mílíọ̀nù

Púpọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ ìtàn náà, yálà nínú fíìmù, nínú ìwàásù tàbí lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ìwúrí, pé ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Jésù, 300 jagunjagun Sparta nìkan, pẹ̀lú Leonidas ọba wọn, dúró sí Thermopylae, ojú ọ̀nà tóóró kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, tí wọ́n sì dí àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn lọ́nà títí wọ́n fi kú. Ọba tí ó kó ogun náà wá ni Xerxes ti Páṣíà, ẹni tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni Ahasuwérúsì inú ìwé Ẹ́sítérì. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgboyà àwọn tí ó kú níbẹ̀. Iye tí a ń kà ni kò tọ̀nà, kò sì tọ̀nà ní ìhà méjèèjì: àwọn ará Gíríìsì pọ̀ ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ, àwọn ará Páṣíà sì kéré sí i púpọ̀púpọ̀.

Ti àwọn ará Gíríìsì ni ó rọrùn láti yanjú, nítorí pé Herodotus, òpìtàn Gíríìsì ayé àtijọ́, ẹni tí gbogbo ayé ń gba ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ti kà wọ́n fún wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó ní 300 wá láti Sparta, 500 láti Tegea, 500 láti Mantinea, 120 láti Orchomenus, 1,000 láti àwọn ìlú Arcadia yòókù, 400 láti Kọ́ríńtì, 200 láti Phlius àti 80 láti Mycenae. Àwọn wọ̀nyí nìkan ti di 3,100, a kò sì tíì ka 700 tí ó wá láti Thespiae, 400 láti Thebes, 1,000 láti Phocis, àti àwọn ará Locris tí wọ́n kó gbogbo ọmọ ogun tí wọ́n ní wá. Bí a bá yọ àwọn ará Locris tí kò sọ iye wọn sílẹ̀, a ti ní 5,200 lọ́wọ́. Herodotus tún da ohun tí a fín sí ara òkúta níbẹ̀ kọ, pé 4,000 ènìyàn láti Peloponnese, ìhà gúúsù Gíríìsì tí Sparta wà, ni ó bá mílíọ̀nù mẹ́ta jà ní ibí yìí. Lójú oórì àwọn akọni náà gan-an, 4,000 ni wọ́n kọ.

Ti mílíọ̀nù ni ó gba iṣẹ́. Herodotus ròyìn bí Xerxes ṣe ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Doriscus, ní ilẹ̀ Thrace. Wọ́n kó 10,000 ọkùnrin jọ sójú kan, wọ́n fún wọn pọ̀ bí ó ti ṣeé ṣe tó, wọ́n fa ìlà yí wọn ká, wọ́n ní kí wọ́n jáde, wọ́n sì mọ ògiri tí ó ga dé ìdodo ènìyàn sórí ìlà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń da àwọn mìíràn sínú ọgbà náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi kóńgò wọn gàrí, títí gbogbo wọn fi tán. Iye àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ní tirẹ̀, jẹ́ 1,700,000, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọgbà náà kún, ó sì ṣófo, nígbà 170. Ó fi àwọn ẹlẹ́ṣin kún un, ó fi àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi kún un, ó fi àwọn tí Xerxes kó lójú ọ̀nà kún un, ó sì di 2,641,610. Ó wá gbà pé àwọn ìránṣẹ́ àti àwọn tí ń ru ẹrù kò ní dín sí àwọn jagunjagun, ó sì sọ iye náà di ìlọ́po méjì: 5,283,220.

Herodotus fúnra rẹ̀ ṣírò oúnjẹ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ yóò jẹ. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní choinix àlìkámà kan lójúmọ́, ìyẹn òṣùwọ̀n tí kò tó kóńgò ọjà wa kan. Choinix 48 ni ó wà nínú òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n ń pè ní medimnos. Ó ní medimnos 110,340 ni wọn yóò máa jẹ lóòjọ́. Mo jókòó, mo fi 48 pín 5,283,220 náà, ohun tí ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò ju 110,067 lọ. Àṣìṣe kékeré ni, àwọn onímọ̀ sì ti rí i tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé baba tí ó kọ ìtàn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ohun tí ì bá tú àṣírí iye náà, nítorí pé ó béèrè ohun tí wọn yóò jẹ, ṣùgbọ́n kò béèrè ọ̀nà tí oúnjẹ náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tí ó béèrè ìbéèrè náà dé ìdí rẹ̀ ni Hans Delbrück, òpìtàn ará Jámánì tí a bí ní erékùṣù Rügen ní 1848. Ó wà nínú ogun tí Jámánì bá Faransé jà ní 1870 sí 1871, ẹni tí ó bá sì ti bá ọmọ ogun rìn mọ̀ pé ojú ọ̀nà ní ìwọ̀n ènìyàn tí ó lè gbà, àti pé àwọn tí ó wà níwájú lè ti pàgọ́ kí àwọn ẹ̀yìn tó gbéra. Ó ṣe olùkọ́ fún Waldemar, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba Prussia, ó jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Berlin. Iṣẹ́ tí ó yàn láàyò kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá. Àwọn òpìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ogun, ti ológun ni. Àwọn ọ̀gá ológun sì gbà pé kò sí ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan fẹ́ kọ́ àwọn, wọ́n sì bá a fa ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọgbọ́n tí Frederick Kejì, ọba Prussia, fi jagun. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní 1887, ó gbé ìwé kan jáde tí ó fi ogun Páṣíà wé ogun tí àwọn ará Swítsáláǹdì bá Charles, olórí Burgundy, jà ní 1476. Àwọn ará Swítsáláǹdì ni ó ṣẹ́gun, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn pé ogun tí Charles kó wá sí ìlú Grandson lé ní 100,000. Àkọsílẹ̀ ìgbà náà gan-an fi hàn pé nǹkan bí 14,000 ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ogun tí ó dẹ́rù bani a máa pọ̀ sí i lẹ́nu ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ. Delbrück wá béèrè pé, bí iye ṣe lè wú báyìí ní Swítsáláǹdì níbi tí ìwé wà tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ó yẹ kí a rò nípa ti Gíríìsì, níbi tí kò ti sí ìtàn kan ṣoṣo tí àwọn ará Páṣíà kọ sílẹ̀ nípa ogun náà tí ó kù?

Nínú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìtàn ogun jíjà, tí ó jáde ní 1900, ó mú iye Herodotus, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì tí ó tó 30,000 máa ń gba nǹkan bí kìlómítà 22 lójú ọ̀nà, láìka ẹrù wọn. Bí a bá to ogun Xerxes tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀, yóò gùn ju 3,000 kìlómítà lọ. Ó ní nígbà tí àwọn tí ó ṣíwájú bá fi máa dé Thermopylae, àwọn tí ó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ lè máa jáde kúrò ní Susa ni, ní òdìkejì odò Tígírísì. Susa yìí ni Ṣúṣánì tí a mọ̀ nínú ìwé Ẹ́sítérì. Ẹ fi ojú inú wò ó: wọ́n ti ń gún ara wọn lọ́kọ̀ ní Gíríìsì, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Àwọn onímọ̀ òde òní kò gba gbogbo ohun tí Delbrück sọ. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ó gé iye àwọn ará Páṣíà kúrú jù nígbà tí ó dá tirẹ̀ lábàá, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń jiyàn, kì í ṣe mílíọ̀nù.

Àǹfààní kan wà nínú kí a mọ èyí. Ogun ńlá, bí kò tilẹ̀ tó mílíọ̀nù, kò lè jókòó pẹ́ sójú kan láìsí oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì lè gbé ọ̀pọ̀ oúnjẹ tọ̀ ọ́ wá. Nítorí náà ni ó fi bọ́gbọ́n mu láti dí ọ̀nà tóóró lórí ilẹ̀, kí a sì dí ojú omi pẹ̀lú. Ní àwọn ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń jà ní Thermopylae, ọkọ̀ ogun 271 ti Gíríìsì ń jà ní Artemisium nítòsí. 127 nínú wọn wá láti Áténì, 10 péré sì ni ti Sparta. Kò sí ẹni tí ń ṣe fíìmù nípa àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá dúró, ọ̀tá ì bá gba ojú omi kọjá sẹ́yìn Leonidas.

Àwọn tí ó dùn mí jù ni àwọn ará Thespiae. Nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ kan tí ń jẹ́ Ephialtes fi ọ̀nà orí òkè han ọ̀tá, tí Leonidas sì ní kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun máa lọ, 700 láti Thespiae kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní fi í sílẹ̀, wọ́n sì kú síbẹ̀. Wọ́n ju ìlọ́po méjì àwọn ará Sparta lọ, láti ìlú tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sparta. Àwọn ẹrú tí Sparta kó wá pẹ̀lú wà lára òkú. Nígbà tí Xerxes ní kí àwọn atukọ̀ rẹ̀ wá wòran, tí ó sì ti sin púpọ̀ nínú òkú tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n má baà mọ iye tí ó kú, Herodotus ní wọ́n rò pé ará Sparta àti Thespiae nìkan ni àwọn ń wò, láìmọ̀ pé àwọn ẹrú náà wà níbẹ̀.

Xerxes dáná sun Thespiae lẹ́yìn náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí Gíríìsì kó ogun jọ ní Plataea, 1,800 ará Thespiae tí ó kù jáde wá, láìní asà àti ìhámọ́ra tí àwọn yòókù ní. Wọ́n gbé ère Leonidas kalẹ̀ ní Thermopylae ní 1955. Ó di 1997 kí wọ́n tó gbé ti àwọn ará Thespiae dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.