Ta ló sọ pé abẹ́rẹ́ lágbára ju oògùn oníhóró lọ?

"Dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan jàre, kò tiẹ̀ gún mi lábẹ́rẹ́." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi, àmọ́ irọ́ ni o, pé wọ́n gún èèyàn lábẹ́rẹ́ ò sọ pé oògùn tiẹ̀ le ju ti ẹni tó gbé hóró mì lọ.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn ń lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé e mì, ìfun á fà á sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n bá sì gún un sí yín nídìí, inú ẹ̀jẹ̀ náà ló ń bọ̀. Ẹ wo metronidazole tí gbogbo ayé ń pè ní Flagyl, téèyàn bá gbé e mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí wá ni abẹ́rẹ́ fẹ́ fi kún un? Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ máa ń tètè dé ibi tó ń lọ, mi ò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n oògùn téèyàn máa fi ọjọ́ márùn-ún tàbí ọ̀sẹ̀ kan lò, kí ló kàn án pẹ̀lú pé ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yá?

Tèmi ni pé ìrora yẹn ló ń tàn wá. Ohun tó bá ti ta wá lára, a ti gbà pé iṣẹ́ ló ń ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fìnkìn tó máa lọ fúnra ẹ̀ náà ni o, tó bá ti lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ló gba oríyìn.

Àwọn tó nílò ẹ̀ wà ṣá. Ínsúlíìnì tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń lò, àpẹẹrẹ, téèyàn bá gbé e mì, ikùn á dà á bí ìgbà tó ń da ẹran ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti 1922 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní Toronto ní Kánádà, gígún ni wọ́n ń gún un. Ẹni tó dákú tàbí tó ń bì gbogbo nǹkan tó bá jẹ náà, kò sí bó ṣe máa gbé hóró mì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò nílò ẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un, ewu ọ̀fẹ́ ló ń tọrọ. Àjọ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ṣírò ẹ̀ pé lọ́dún 2000 nìkan, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíì kó hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ kan, ran nǹkan bíi mílíọ̀nù 21 èèyàn, ó kó hepatitis C ran mílíọ̀nù 2, àti HIV ran 260,000. Ká má tíì sọ ti iṣan ìmọ̀lára ńlá tó gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, tí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì bà á, ọmọ tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé lè máa wọ́ ẹsẹ̀ jáde.

Kódà, ibà tó le gan-an, tó ti dé orí, oògùn ibà tó ń jẹ́ artesunate, onábẹ́rẹ́, ni wọ́n ń lò fún un, ó kéré tán fún wákàtí 24. Tí aláìsàn bá ti lè gbé oògùn mì, wọ́n á yí i sí ACT, ìyẹn àpapọ̀ oògùn ibà, oníhóró fún ọjọ́ mẹ́ta, hóró yẹn ló sì máa parí iṣẹ́.