Ọmọ Ayò 48 Náà Ni: Ìjà Inú Ilé Kò Sọ Pé SEC Lágbára Jù

Kí oṣù kẹjọ ọdún tó parí, àríyànjiyàn kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Atlanta. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin á gbé fóònù jáde, á fi àtòjọ AP, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press, hàn wá, ìyẹn tíìmù 25 tí àwọn akọ̀ròyìn dìbò fún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Á wá máa fi ìka tọ́ àwọn tó wá láti SEC, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá alájọ tó ń ka owó. "Ọ́ńkù, ẹ kà á. Mẹ́wàá! Ẹ mú ẹni tó gbẹ́yìn ní SEC, ẹ gbé e lọ sí Big 12, ife ló máa gbà." Ìyá rẹ̀ á ní kó kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì tó wà níwájú rẹ̀ ná.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti Osimhen o. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé há abíyá sáré, tí wọ́n ń dé akoto. Àwọn yunifásítì pín ara wọn sí kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì, ara wọn ni wọ́n sì ń bá figagbága jù láàárín sáà. SEC ni ti apá gúúsù: Alabama, Georgia, LSU, Texas àti àwọn tó kù, 16 ni wọ́n. Big 12 tí ọmọ náà dárúkọ, kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì mìíràn ni. Big Ten ni ti Ohio State àti Michigan. Ẹ má bi mí ìdí tí yunifásítì 18 fi wà nínú ohun tí wọ́n pè ní Ńlá Mẹ́wàá. ACC tó ń jẹ́ orúkọ òkun Àtìláńtíìkì náà ní Stanford, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹsẹ̀ kan omi Pàsífíìkì, nínú ọmọ rẹ̀.

Mẹ́wàá tí ọmọ náà kà lọ́dún 2025, òótọ́ ni, mẹ́wàá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n já sí. Texas ló wà ní ipò kìíní. Ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, Ohio State nà án ní 14 sí 7, nígbà tí wọ́n sì fi máa mú tíìmù 12 tó máa du ife gbogbo Amẹ́ríkà, Texas ò sí níbẹ̀. South Carolina wà ní ipò 13, Florida ní 15. Àwọn méjèèjì borí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹjọ. LSU tó wà ní ipò kẹsàn-án lé kóòṣì rẹ̀ láàárín sáà. Vanderbilt ńkọ́, tóun náà jẹ́ ọmọ SEC tí kò sì sí lórí àtòjọ rárá? Nínú eré 12, ó borí nínú mẹ́wàá. Indiana, ará Big Ten, tí wọ́n tì sí ipò 20, ló gba ife, kò sì sẹ́ni tó nà án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Indiana yìí borí.

Mo mọ̀ pé àṣìṣe lè bá ìbò ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé àtòjọ oṣù kẹjọ yìí kì í kú, bó bá tilẹ̀ jẹ́ irọ́. Ó máa ń bímọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ilé 12, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, 48. Jẹ mí kí n jẹ ọ́, ká ta á títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ 48 náà ló máa wà nílẹ̀. Bó ti wù kí ọ̀ta mọ̀ ọ́n ta tó, kò lè sọ ọ́ di 60. Títí di 2025, eré mẹ́jọ ni tíìmù SEC kọ̀ọ̀kan ń bá ọmọ ilé rẹ̀ ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: eré 64 lọ́dún, ìyẹn ni pé ìborí 64, ìfìdírẹmi 64. Bí Alabama ló gbá gbogbo wọn mọ́lẹ̀ ni o, bí Vanderbilt ni o, iye yẹn kì í yẹ̀. Eré wọ̀nyẹn lè sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú agbolé fún wa. Kò lè sọ bóyá agbolé yẹn lágbára ju ti aládùúgbò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Nígbà tó jẹ́ pé mẹ́wàá ti wà lórí àtòjọ láti oṣù kẹjọ, bí ọ̀kan nínú wọn bá na èkejì, wọ́n á ní "tíìmù ńlá ló nà yẹn," á gòkè. Ẹni tí wọ́n nà ńkọ́? "Kò burú, tíìmù ńlá ló nà án," kò ní jìnnà sílẹ̀. Ní Big 12 tí wọn ò ti kó púpọ̀ sórí àtòjọ, bí ọmọ ìyá bá na ọmọ ìyá, ìbéèrè ni "Ta ló nà ná?" Nígbà tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, àtòjọ á ṣì kún fún SEC, wọ́n á wá fi ìyẹn gbè é lẹ́sẹ̀ pé ohun tí wọ́n sọ ní oṣù kẹjọ ló ṣẹ. Olùpẹ̀jọ́ náà ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni adájọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde kúrò nílé nìkan ló yẹ ká máa wò. Ọjọ́ yẹn ò sì pọ̀. Nínú eré 12 lọ́dún, mẹ́rin ló ń kù fún tíìmù kọ̀ọ̀kan títí di 2025, òfin SEC sì sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ló pọn dandan kó jẹ́ pẹ̀lú ẹni tó tó wọn í bá ṣe, láti ACC, Big Ten, Big 12, tàbí Notre Dame tó dá dúró láìsí ní kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì kankan. Àwọn tó kù? Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2024, nígbà tí ìdíje ti gbóná dójú ẹ̀, Mercer ni Alabama gbà lálejò, wọ́n sì nà án ní 52 sí 7. Mercer ò sí ní ìpele kan náà pẹ̀lú wọn rárá. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn mà lọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò sọ pé ìgbàgbọ́ pé SEC lágbára jù ò ní ìpìlẹ̀. Láti 2006 dé 2012, ọdún méje gbáko, SEC ló ń gba ife. Láti 2006 dé 2022, 13 nínú 17. Ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní gbà? Àmọ́ ẹ wo àwọn tó gbà á: Alabama mẹ́fà, Florida méjì, LSU méjì, Georgia méjì, Auburn ọ̀kan. Yunifásítì márùn-ún ni. Mẹ́fà ti Alabama yẹn, abẹ́ kóòṣì kan ni gbogbo wọn, Nick Saban, òun náà sì ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ SEC tó kù, bíi Kentucky àti Mississippi State, kàn ń wọ agbádá ẹ̀gbọ́n wọn lọ sóde ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2024. Vanderbilt, tó ti jẹ́ ẹni yẹ̀yẹ́ SEC fún ọ̀pọ̀ ọdún, na Alabama tó wà ní ipò kìíní, 40 sí 35. Àwọn èrò ya wọ inú pápá, wọ́n hú òpó góòlù tu, wọ́n gbé e léjìká gba àárín ìgboro Nashville, ó di inú odò Cumberland, gbàmù! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ọ́ńkù, ẹ ti rí bí SEC ṣe le tó? Kò sí ẹran jíjẹ níbẹ̀!" Mo ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, Georgia State, ọmọ Sun Belt, kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, na Vanderbilt yìí kan náà, 36 sí 32. Ṣé Sun Belt náà le ni? Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Mo béèrè bó ṣe yàtọ̀. Ó ní òun ń bọ̀, kò padà pè.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tó sún mọ́ wa, ẹ lọ wo ìdíje ife ti sáà 2025. SEC kó tíìmù márùn-ún wọ inú 12. Alabama na Oklahoma, Ole Miss na Georgia: ìjà ilé ni méjèèjì. Miami ti ACC na Texas A&M, ó tún na Ole Miss. Indiana na Alabama ní 38 sí 3. Nínú gbogbo ìdíje náà, ará ìta kan ṣoṣo tí SEC rí nà ni Tulane, tó wá láti kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì kékeré.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ Big Ten tẹ́ ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Lóòótọ́, Michigan, Ohio State, Indiana ló gba ife, ọdún mẹ́ta léra wọn. Ṣùgbọ́n Purdue náà ń gbé ilé yẹn. Lọ́dún 2024, nínú eré mẹ́sàn-án tó bá ọmọ ilé rẹ̀ ṣe, kò borí ẹyọ kan, Notre Dame sì nà án ní 66 sí 7. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tó gbẹ́yìn ní Big Ten lè gba ife níbòmíràn, aṣọ lẹ kàn pàrọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àárín àti ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń yí báyìí. Tẹ́lẹ̀, Alabama àti Georgia lè kó ọmọ tó dáńtọ́ jọ, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Láti 2021 tí àwọn ọmọ ti lè gba owó lórí orúkọ ara wọn, tí ẹni tó bá sì fẹ́ lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì mìíràn láì dúró ọdún kan, ta ló máa jókòó sórí bẹ́ńṣì? Ẹni tó jókòó ní gúúsù lánàá ló ń bẹ̀rẹ̀ eré ní Big 12 lónìí. Àti pé ọmọ tó dáa kì í dúró de kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì. Foye Oluokun, ọmọ tiwa, Yale ló ti gbá tiẹ̀, ní Ivy League tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í kà sí nǹkankan. Òun ló gbé ẹni ṣánlẹ̀ jù ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a gbowó, lọ́dún 2021, ó tún ṣe é ní 2022.

Láti sáà 2026, SEC máa ṣe eré mẹ́sàn-án nínú ilé dípò mẹ́jọ. Ariwo ti sọ pé á jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe lágbára tó. Eré 72 dípò 64, ọjọ́ ìta mẹ́ta dípò mẹ́rin: ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ló dín kù yẹn. Nítorí náà, nígbà tí Ohio State bá gbéra lọ bá Texas ní Austin, mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó se ìrẹsì tó pọ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ti ń sọ pé bí Texas bá borí, ọ̀rọ̀ parí. Mo bi í pé bó bá fìdí rẹmi ńkọ́. Ó ní eré kan ṣoṣo ni.