Ta Ló Sọ Pé Kò Sẹ́ni Tó Máa Ra Eré Ìdíje Àtijọ́?

Ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu ọmọkùnrin kan ní Sátidé tó kọjá, ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta díìsì àlòkù ni mo yà sí níbí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Mo ní ṣé wọ́n ní àwọn eré ìdíje àtijọ́ orí tẹlifíṣọ̀n, bíi Match Game, tàbí Password, tàbí The Price Is Right ti ayé tí Bob Barker jẹ́ atọ́kùn rẹ̀. Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló máa fowó ra eré tí gbogbo ayé ti mọ ẹni tó jẹ ẹ́?"

Èèyàn ti tò sẹ́yìn mi, mo bá jáde. Ibí ni mo ti fẹ́ dá a lóhùn, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí àwọn eré yìí wà lọ́wọ́ wọn gan-an, èrò wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ẹni tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ìyá òyìnbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ, ẹnu mi ò gbà á. Màmá ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń dáhùn. Orúnkún ò jẹ́ kí Màmá rìn dáadáa mọ́, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn ṣì pé. Tí mo bá ti wẹ̀ fún wọn tán, tí wọ́n ti jẹun àárọ̀, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń retí ni eré ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n. Kì í sì í ṣe ti ìsinsìnyí o. Ti ìgbà tí ara wọn ṣì le ni wọ́n ń fẹ́.

Tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan wà ní yàrá wọn tó ń fi eríálì gba Buzzr, ìkànnì tó jẹ́ pé eré ìdíje àtijọ́ ló ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti 2015. Màmá á tẹ bọ́tìnnì kan péré, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ni ọmọ wọn bá ra tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, n kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni àlàáfíà Màmá ti lọ. Ẹ tan nǹkan yìí, àwòrán kéékèèké rẹpẹtẹ ló máa tò síwájú yín. Ẹ tẹ ọ̀kan, ó ní kí ẹ kọ ímeèlì yín. Ẹ tẹ òmíràn, ó ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, kí ẹ ní sùúrù.

Mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ ohùn Màmá. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di rìmóòtù mú, ìka wọn ń gbọ̀n, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọjú sí tí wọ́n ń bẹ̀: "Jọ̀ọ́, Gene ni mo fẹ́ wò. Gene nìkan." Ìyá àgbà, tó tọ́ ọmọ, tó ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló ń bẹ ẹ̀rọ nínú yàrá ara rẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú.

Gene Rayburn ni wọ́n ń wí, atọ́kùn Match Game. CBS ló ń gbé e jáde láti 1973 sí 1979. Gene á ka gbólóhùn kan tó ní àlàfo nínú. Àwọn gbajúmọ̀ mẹ́fà tó jókòó ní ìlà méjì á kọ ohun tí wọ́n rò pé ó yẹ kó dí àlàfo náà sára páálí, ẹni tó wá díje á sọ tirẹ̀. Iye gbajúmọ̀ tí èsì wọn bá tirẹ̀ mu ni máàkì tó máa gbà. Ó tán. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀, ìsọkúsọ ló pọ̀ jù nínú àwọn gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Gene pẹ̀lú máìkì gígùn tín-ín-rín yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo Brett Somers àti Charles Nelson Reilly tí wọ́n jọ jókòó lókè tí wọ́n ń fara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ wo Richard Dawson nísàlẹ̀, kó tó di pé Family Feud tó bẹ̀rẹ̀ sí í darí ní 1976 sọ òun fúnra rẹ̀ di ọ̀gá. Tí ẹ bá wo apá kan, ẹ máa fẹ́ wo èkejì.

Mo wá a kiri íntánẹ́ẹ̀tì títí mo fi rí àpótí díìsì mẹ́rin tí wọ́n gbé jáde ní 2006. Àlòkù ni, ẹni tó ń tà á sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò dín kọ́bọ̀ fún mi. Mo gbé ẹ̀rọ DVD wá láti ilé mi, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà náà, mo ti díìsì bọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kí Gene tó ka gbólóhùn tán, Màmá ti sọ ohun tí Charles máa kọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Wọ́n mọ ẹni tó máa jẹ, wọ́n mọ ẹni tó máa fìdí rẹmi, wọ́n mọ ibi tí Brett á ti yí ojú padà. Ẹ̀rín wọn pọ̀ débi pé mo gba ife tíì lọ́wọ́ wọn kó má baà dà sí wọn lára. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: pé ọ̀sán ni eré náà máa ń wọlé, pé àwọn á máa lọ aṣọ bí àwọn ṣe ń wò ó, pé àbúrò àwọn obìnrin tó ń gbé ní Ohio á tẹ àwọn láago bí eré bá ti ń parí, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ Brett. Àbúrò náà ti kú tipẹ́. Látìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ Màmá, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ta ló wá sọ pé ẹni tó jẹ ni èèyàn ń rà? Ṣé nígbà tí a wà léwe, tí ìyá àgbà bá pa àlọ́ ìjàpá tí a ti gbọ́ lóṣù tó kọjá, ẹnìkan nínú wa dìde pé òun ti mọ ibi tí ìjàpá ń bọ̀ sí? Àwa gan-an la máa ń ní kí wọ́n tún èyí tí a mọ̀ pa. Orin ibẹ̀ la fẹ́ gbè. Ohùn ẹni tó ń pa á la fẹ́ gbọ́.

Tí ẹ bá sì ní òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Michael Larson fún yín. Ará Ohio ni, ó ti wa ọkọ̀ áísìkiriìmù rí. Ó fi fídíò gba eré ìdíje kan tó ń jẹ́ Press Your Luck sílẹ̀ nílé rẹ̀, ó wò ó, ó dá a dúró, ó tún un wò, títí ó fi rí i pé iná tó ń sáré lórí pátákó eré náà ò kàn ń sáré bó ṣe wù ú, ọ̀nà márùn-ún péré ló ń tọ̀. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí. Ó lọ síbẹ̀ ní 1984, ó sì kó $110,237. Wọ́n wádìí rẹ̀ títí, kò rú òfin kankan, wọ́n san owó fún un. Nígbà tí ìkànnì Game Show Network fi ìtàn náà ṣe ètò ní 2003, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn eré ìdíje ló ti mọ̀ pé ó jẹ, ó sì ti mọ bó ṣe jẹ ẹ́. Síbẹ̀ wọ́n rọ́ jókòó sí i. Eré tí ìparí rẹ̀ ti lu jáde láti bí ogún ọdún!

Mo mọ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà máa sọ. Wọ́n á ní ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Pluto TV tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé The Price Is Right ti Bob Barker ti wà níbẹ̀ láti ìparí 2020. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 1982 ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ṣíwọ́ fífi ẹ̀wù onírun ẹranko ṣe ẹ̀bùn, ohun tí Bob Barker kórìíra. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ ńkọ́, láti 1972? Ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni Màmá ń béèrè. Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ìpolówó ò ní jẹ́ kí ọkàn balẹ̀, Màmá ò sì lè dá débẹ̀ láìsí èmi. Díìsì ò béèrè ímeèlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún á ní wọ́n ti dán an wò, kò lọ. BCI, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ díìsì, ló gbé Match Game yẹn jáde, àwọn náà ló ṣe ti The Price Is Right ní 2008, ìparí ọdún yẹn ni àwọn tó ni ín sì kéde pé àwọn ń ti BCI pa. Èmi ò rí ẹ̀rí nínú ìyẹn. BCI ń ta kátúùnù, ó ń ta oríṣiríṣi fíìmù. Ẹnikẹ́ni kì í tìtorí pé ìsọ̀ kan kógbá sílé sọ pé gbogbo ọjà inú rẹ̀ ni kò dára.

Èyí tí mo gbà pé ó le ni ti iye. Fíìmù àtìgbàdégbà tó ní apá méjìlélógún lọ́dún, ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan. Eré ìdíje, márùn-ún ló ń jáde lọ́sẹ̀. The Price Is Right nìkan ti kọjá 9,000 apá. Ta ló máa tẹ ìyẹn sórí díìsì, àga wo ló máa gbé e? Àṣàyàn ni wọ́n lè tà, ẹni tó bá sì ń ṣe àṣàyàn ò ní mọ èyí tí ìyá kan wò lọ́jọ́ tí ó bí àkọ́bí rẹ̀.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí eré ìdíje Jeopardy! tí Art Fleming jẹ́ atọ́kùn rẹ̀ ò yẹ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Láti 1964 sí 1975 ló fi wà lórí NBC. Téèpù wọ́n nígbà náà, wọ́n bá pa á rẹ́, wọ́n gba nǹkan míì sórí rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ti pinnu fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ wò ó.

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni mò ń sọ. Ẹ rántí bí àdúgbò ṣe máa ń rí nígbà tí Frank Edoho bá jókòó ní Who Wants to Be a Millionaire, láti 2004 títí dé 2017. Gbogbo pálọ̀ á máa pariwo "B ni! B ni!" sí ẹni tí kò lè gbọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá wa tí kò kàwé jù wá lọ á máa bú oníyẹn pé kò kàwé. Èmi ò rí díìsì rẹ̀ rí ní ìsọ̀ kankan. Alaba tẹ gbogbo fíìmù Yorùbá tó wà láyé, kò sẹ́ni tó ronú kan èyí. Lónìí, Olalekan Fabilola ń ṣe eré ìdíje Masoyinbo lórí YouTube, àwa tí a wà lókè òkun ń fi wò bóyá àwọn ọmọ wa ṣì gbọ́ èdè. Ṣé ẹnìkan ń tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn, tàbí ọwọ́ YouTube la fi gbogbo rẹ̀ sí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń rú mi lójú rèé. Màmá ti wo díìsì mẹ́rin yẹn lọ, wọ́n ti wò ó bọ̀. Wọ́n ti ń béèrè òmíràn. Àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú yìí máa ń rojọ́ fún ara wa. Ẹnìkan ní baba tí òun ń tọ́jú ò fẹ́ ju Password lọ, nítorí òṣèré tó ń jẹ́ Betty White. Òmíràn ní ti òun What's My Line? ló ń wò. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹ̀rí fún ọmọ ìsọ̀ yẹn pé oníbàárà wà. Nígbà tí mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti bi wọ́n léèrè, baba tó ń wo Password ti kú, wọ́n sì ti gbé ìyá kejì lọ sí ilé ìtọ́jú tí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo wà fún gbogbo èèyàn. Best Buy, ìsọ̀ ńlá tó ń ta ẹ̀rọ, náà ti ṣíwọ́ títa díìsì ní 2024. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbọ́ tèmi lónìí, kó tó wádìí ẹni tó ni ẹ̀tọ́, kó tó tẹ̀ ẹ́, kó tó kó o dé ìsọ̀, àwọn wo ló máa kù tó máa rà á? Ṣé àwọn ọmọ wọn? Ọmọ Màmá ò lè jókòó wò ó. Ó gbìyànjú, ó sùn lọ.

Nítorí náà mo mọ̀ pé àwọn díìsì yìí ì bá tà ká ní wọ́n ti tẹ̀ wọ́n jáde dáadáa ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ti ìsinsìnyí, ó ń ṣe mí bíi pé a ti pẹ́ jù, inú mi ò sì dùn láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní Password tàbí The Price Is Right ti 2008 nílé nínú yín, ì báà jẹ́ ní Houston tàbí London, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi ní inbox. Àlòkù ò burú. Mo máa sanwó rẹ̀, mo sì máa san ti ìfiránṣẹ́. Kó ṣáà ti má ha.