Ẹ Má Ti Ọ̀ràn Àwọn Nazi Sí Èṣù Lọ́rùn

Ó ti sú wa o. Gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ Hitler, olórí àwọn Nazi tó ṣàkóso Jámánì, bá ti délẹ̀, ẹnì kan á gbé fídíò jáde, á ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wà lẹ́yìn ẹ̀, pé oògùn ló fi mú gbogbo Jámánì, kí fídíò yẹn sì tó parí wọ́n á ti gbé gbogbo ẹ̀bi fún ẹ̀mí àìrí. Ẹni tó kọ orúkọ àwọn Júù sílẹ̀, ẹni tó wa ọkọ̀ ojú irin tó kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti pa wọ́n, ẹni tó ra ṣọ́ọ̀bù wọn ní owó pọ́ọ́kú, gbogbo wọn ti bọ́ nìyẹn. A ò fara mọ́ ọn rárá.

Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Himmler, ọ̀gá àwọn SS, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun àwọn Nazi, gba nǹkan wọ̀nyí gbọ́ dénú, débi pé ó sọ Wiligut di ọ̀gá nínú SS, bàbá tí wọ́n ti tì mọ́lé ìwòsàn ọpọlọ rí tó ń sọ pé òun ń rántí ayé àwọn baba ńlá òun. Ṣùgbọ́n Hitler fúnra ẹ̀ bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wí ní gbangba ní Nuremberg ní 1938. Nígbà tí Hess, igbákejì ẹ̀ nínú páàtì, sì gbé bàálù sá lọ sí Scotland ní May 1941, àwọn awòràwọ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi ẹ̀ rù, oṣù tó tẹ̀ lé e làwọn ọlọ́pàá ti ń kó wọn.

Ẹ wo Wewelsburg, ilé olódi tí Himmler gbà ní 1934. Àmì bí oòrùn tó wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń pariwo, wọn kì í sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àgọ́ Niederhagen ò jìnnà síbẹ̀, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá, nǹkan bí 3,900 èèyàn ló gba ibẹ̀ kọjá, ó kéré tán 1,285 ló kú, ebi, lílù, iṣẹ́ òkúta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fídíò, ẹ̀yin pásítọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń fi wàásù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ Niederhagen kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹ̀mí kankan.

Ahnenerbe ńkọ́, àjọ tí Himmler dá sílẹ̀ ní 1935 láti fi wá ẹ̀rí pé ìran tiwọn ló ga jù? Ní August 1943 wọ́n pa Júù 86 ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n Natzweiler torí pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Strasbourg fẹ́ kó egungun wọn jọ. Lẹ́tà ọ́fíìsì ni Sievers, alákòóso àjọ náà, fi ṣètò ẹ̀. Àwọn lẹ́tà yẹn dé kóòtù ní Nuremberg, wọ́n sì yẹgi fún un ní 1948.