Ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́ wa

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Obìnrin kan tí a jọ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ kọ fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì kan. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá èèyàn ti lọ́kọ. Ìlú mìíràn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Ó wo "married", ó wo "separated", ó ní àwọn ò kúkú jọ gbé báyìí, ló bá fàmì sí "separated". Òtítọ́ ló fẹ́ sọ o! Àṣé ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé àárín òun àti ọkọ òun ti dàrú, kálukú ti gba ilé tirẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣàlàyé ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó gba fọ́ọ̀mù bú sẹ́rìn-ín, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́.

Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Mo mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. A pẹ́ lórí "bride", "groom", "bridesmaid", "bouquet". Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo! Èyí tí a ó máa bá pàdé títí ayé, "spouse" (ọkọ tàbí aya), "maiden name" (orúkọ ìdílé obìnrin kó tó lọ́kọ), "widowed" (ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti kú), kò sẹ́ni tó yà sí i. "Spinster", ìyẹn obìnrin tí kò lọ́kọ rí, ṣì wà nínú ìwé wa, bẹ́ẹ̀ láti 2005 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìgbéyàwó ní England àti Wales, tí wọ́n ń kọ "single" dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fi pe obìnrin lónìí, èébú ló bú u.

Àwọn kan á ní gírámà ni ká kọ́kọ́ mọ̀: "I married him" ni, kì í ṣe "I married with him". Mo gbọ́. Èdè kan náà ló ní "I am married to him", òun náà ló tún ní "married with two children", tí "with" yẹn sì tọ̀nà, torí àwọn ọmọ ló ń sọ, kì í ṣe ọkọ. Ẹni tó bá ṣi èyí sọ, ohun tó ń wí á ṣì yé èèyàn. "Separated" ńkọ́?

Ká ní tíṣà lè mú fọ́ọ̀mù wá, ká jọ kọ ọ́ ní kíláàsì, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ fọ́ọ̀mù ibí yàtọ̀ sí tọ̀hún: òmíràn á fi "civil partnership" (àjọṣe ẹni méjì tí òfin fọwọ́ sí, tó fara jọ ìgbéyàwó) kún un, òmíràn ò ní "separated" rárá. Èwo gan-an ni ká ní kí wọ́n fi kọ́ wa?