Epo ọkọ̀ òkun kì í ṣe dísù jẹnẹrétọ̀

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń pín kiri pé láti 2020 ni epo ọkọ̀ òkun ti mọ́ bíi dísù, pé èèyàn lè rọ ọ́ sí jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ ò purọ́ tán. Lóòótọ́, ní January 1, 2020, òfin IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òkun, dín imí ọjọ́ inú rẹ̀ kù láti 3.5% sí 0.5%. Ṣùgbọ́n "kéré" ti ojú òkun yàtọ̀ sí "kéré" ti orí ilẹ̀: 0.5% jẹ́ 5,000 nínú mílíọ̀nù kan, dísù ọkọ̀ ní Yúróòpù ò sì gbọdọ̀ ju 10 lọ.

Imí ọjọ́ nìkan kọ́ o. Àdàlù ni púpọ̀ nínú epo yìí: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé ìfọpo tí wọ́n bu epo tó ṣàn là. Tó bá tutù, ó lè ki bí ìkọ́kọrẹ́ àná. Ọkọ̀ òkun ní ẹ̀rọ tó ń gbé e gbóná, tó sì ń yọ ìdọ̀tí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ò ní in. Nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì á dí.

Ẹ béèrè ìwé tó bá epo náà wá. Nínú ISO 8217, ìlànà àgbáyé fún epo ọkọ̀ òkun, DM ni ìdílé tó sún mọ́ dísù. RM ni ti àdàlù gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí mò ń wí.